Ohun tí Wọ́n Gbọ́ Lẹ́yìn Ìrun Àsùbá

Àtìní, 27 Jánúárì

Ọyẹ́ mú lónìí. Ètè mi ti la, ọ̀fun mi gbẹ. Ó bọ́ sí i fún mi — Èdè Òkè fẹ́ràn ọ̀fun gbígbẹ.

Klingon lorúkọ rẹ̀ gan-an. Òyìnbó kan ló jókòó tó ṣẹ̀dá rẹ̀ fún fíìmù, kí àwọn jagunjagun tó ń gbé inú ìràwọ̀ lè rí èdè sọ. Kò sí ìlú tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Kò sí ìyá tó fi pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun rí. Ṣùgbọ́n ó ní gírámà, gírámà gidi, tó le bí eegun. Láti àárọ̀ títí ọ̀sán ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì níléèwé kan ní Fate. Gírámà tí ẹnikẹ́ni kò ní fi ṣèdánwò, ìyẹn ni ìsinmi tèmi. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Èdè Òkè.

Ìbéèrè tí mo fi ránṣẹ́ sí Bàbá Òtútù lọ́sẹ̀ yìí (olùkọ́ wa lórí fóònù, ará Finland, n kò rí i sójú rí): nínú èdè yìí, arọ́pò-orúkọ lè ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Wọ́n á ní "olùkọ́ èmi", ó parí, olùkọ́ ni mí nìyẹn. Ṣé àfòmọ́ tó máa ń wà nídìí ọ̀rọ̀-ìṣe wá lè lẹ̀ mọ́ "èmi" náà? jIH ni èmi. -taH ni pé nǹkan ṣì ń lọ lọ́wọ́. -be' ni kọ́. Bí mo bá fẹ́ lẹ méjèèjì mọ́ ọn, èwo ló ń ṣáájú? jIHbe'taH àbí jIHtaHbe'? Mo ń kà á sókè-sókè lórí ẹní ìkírun mi lẹ́yìn àsùbá.

Aishah jí, ó wá jókòó tì mí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Àbùbákàr — kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Naimat ìyá rẹ̀ ń ṣe nọ́ọ̀sì l'Ábújá, kò tíì rílé tó dáa, ló fi wà lọ́dọ̀ wa. Ó kí mi ní Èdè Òkè: nuqneH. Èdè náà kò ní ẹ káàárọ̀, "kí lo fẹ́?" ni ìkíni wọn. Ó máa ń pa á lẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbà á. Ikọ́ fée ló ń ṣe é, ọyẹ́ kò sì ṣojúure sí i. Ínhélà tó máa ń fà sẹ́nu ń bẹ lábẹ́ ìrọ̀rí mi.

Àlàrùba, 29 Jánúárì

Nǹkan ṣẹlẹ̀ lónìí, n kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín.

Àǹtí Rédíò mú mi lọ́wọ́ láàárín agboolé, níwájú gbogbo ìyàwó ilé. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni, Hájíà Kúbúrà ni ayé ń pè é, èmi ni mo mọ̀ pé rédíò ni, nítorí ìròyìn rẹ̀ kì í wọ̀. Omi ń bẹ lójú rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ yìí lòun ti ń gbọ́ mi láti yàrá òun lẹ́yìn àsùbá, bí mo ṣe ń ka Àlùkùránì sílẹ̀ de wòlímọ̀ mi, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun mi jáde bíi ti Lárúbáwá gidi. Ó ní bàbá mi tó ti dolóògbé kò kú rárá. Ó ní òun ti sọ ọ́ ládùúgbò Post Office, òun ti sọ ọ́ nílé àwọn àna wa.

Mo wolẹ̀. Mo ní, ẹ ṣeun, Àǹtí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jẹ́ kó lọ. Kí ni ǹ bá sọ? Jímọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó ń bọ̀, wọ́n á gbé mi jókòó sábẹ́ agbòòrùn níwájú ẹbí àti ará, màá ka súrà mi, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni yìgì. Mo mọ súrà mi. Bàbá mi ló fi kọ́ mi nígbà tí mo ṣì ń fi wàláà ṣeré. Kò dìgbà tí mo bá ń kà á láràárọ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tí àgbà bá ń fi ẹkún yin èèyàn, ta ló máa ní kó dákẹ́?

Ìyá mi nìkan ló wò mí lójú. Lẹ́yìn náà ló padà sídìí ẹ̀wà tó ń ṣà.

Sátidé, 1 Fẹ́búárì

Enjiníà wá. Àbdùlkàdírì tí mo fẹ́ fẹ́ nìyẹn, ẹni jẹ́jẹ́, iṣẹ́ omi ìjọba ló ń ṣe. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ dígí ojú rẹ̀ nù. Ó ní kí n má sọ fún màmá òun o, torí wọ́n ti fi mí ṣakọ níléèwé wọn. Lárúbáwá ni màmá rẹ̀ ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà. Èmi pè é ní Alhájà Náhàwù, orúkọ gírámà Lárúbáwá, nítorí kò sí ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ sọ níwájú rẹ̀ tó mú un jẹ gbé. Bí ọ̀rọ̀ kò bá jẹ́ ti ọmọ rẹ̀, ǹ bá fẹ́ràn obìnrin yẹn. Onígírámà bíi tèmi ni.

Àlàmísì, 6 Fẹ́búárì

Bàbá Òtútù fèsì. Ó ní méjèèjì dáa, ibi tí "kọ́" bá jókòó sí ni ọ̀rọ̀ wà. jIHbe'taH: n kò jẹ́ ẹ, n kò sì jẹ́ ẹ síbẹ̀. jIHtaHbe': mo ń jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, n kò jẹ́ ẹ mọ́. Inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Mo kà á títí ilẹ̀ fi mọ́.

Sọ́ńdè, 9 Fẹ́búárì

Àǹtí Rédíò ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ pe Alhájà Náhàwù pé kó wá sùn sílé wa, kó wá gbọ́ ìyàwó tí wọ́n ń fẹ́ létí ara rẹ̀, láìjẹ́ kí n mọ̀. Wọ́n gbé àga sí ẹ̀yìn fèrèsé mi. Èmi kírun tán, mo ṣí fóònù, mo bẹ̀rẹ̀. Ohùn rere ni mo fi kà á lónìí, kí Ọlọ́run má bínú. Aishah ń gbè é lẹ́yìn mi.

Ilẹ̀kùn ṣí. Alhájà Náhàwù ló dúró síbẹ̀, tòun ti tẹ̀súbáà lọ́wọ́.

"Súrà wo nìyẹn?"

Mo dojú fóònù bo ẹní.

"Kò sí nínú Àlùkùránì. Kì í sì í ṣe Lárúbáwá. Ìdí iṣẹ́ yìí ni mo darúgbó sí, Fawziyyah. Èdè ta ni?"

Èmi olùkọ́ èdè, èmi tó yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ. Mo ní kì í ṣe èdè ẹnikẹ́ni, Alhájà. Mo ní wọ́n ṣe é fún àwọn tí kò sí láyé yìí ni, àwọn tó wà lókè, tí ojú kò rí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Àǹtí Rédíò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. Mo na fóònù sí wọn kí wọ́n wo ojú ìwé tí mo ti ń kà á. Àwòrán àwọn jagunjagun náà ló kọ́kọ́ yọ, tòun ti iwájú orí gbágungbàgun àti eyín.

Alhájà Náhàwù kò pariwo. Ó ní kí wọ́n bá òun wá ọ̀kadà. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Àtìní, 10 Fẹ́búárì

Ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe jẹ́ lójú Àǹtí Rédíò. Ó ti sọ fún gbogbo ìlú pé Àlùkùránì ni mò ń kà. Bí kì í bá ṣe Àlùkùránì, á jẹ́ pé òun ló purọ́, tàbí èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣẹ̀fẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé àlùjọ̀nú ló ń lo ẹnu mi. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni kò ní í kó ìtìjú bá ẹnikẹ́ni nílé? Kó tó di ọ̀sán ó ti mú ti àlùjọ̀nú.

Wọ́n ti ya ife omi mi sọ́tọ̀. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní lẹ́sìn nírọ̀lẹ́ kò wá, àfi Aishah. Ìyàwó ilé kan rí mi lójú ọ̀nà kànga, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá, ó ń ka Áyátù Kúrúsíyù sábẹ́ ètè.

Mo sọ fún Ọpẹ́yẹmí ọ̀rẹ́ mi níléèwé. Ó ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ará Ọ̀mù-Àrán, ẹnu rẹ̀ kò ní ìjánu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dúpẹ́, tó bá jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, orí òkè ni ǹ bá wà báyìí, láìjẹ láìmu, tí wòlíì á máa fi ìgbàlẹ̀ nà mí. Nígbà tó wo ojú mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní yàrá kejì òun ní Basin ṣófo.

Àlàrùba, 12 Fẹ́búárì

Enjiníà wá, kò jókòó. Màmá rẹ̀ ní kò sí yìgì àfi tí wọ́n bá wẹ̀ mí mọ́. Rukiya ni wọ́n fẹ́ ṣe, kí wọ́n fi Àlùkùránì lé àlùjọ̀nú náà. Àǹtí Rédíò ti rí ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Ṣéù.

Mo ní, ìwọ mọ òtítọ́, o mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ kìíní. Sọ fún wọn.

Ó wo bàtà rẹ̀. Ó ní tóun bá sọ pé òun mọ̀, wọ́n á ní òun pẹ̀lú mi la jọ fi Àlùkùránì ṣeré. Ó ní, "Wákàtí kan péré ni, Fawziyyah. Jọ̀ọ́. Jẹ́ kí wọ́n kà á sí ẹ lórí, ká ṣègbéyàwó ká máa lọ."

Bàbá mi náà máa ń ṣe rukiya fún aláìsàn. Ọwọ́ lórí, Fátíhà, omi nínú abọ́, ó parí, aláìsàn á máa lọ sílé rẹ̀. Mo ní ìyẹn kò lè pa mí lára. Mo gbà. Inú ń bí mi sí i débi tí n kò fi sin ín dé ẹnu ọ̀nà.

Jímọ̀, 14 Fẹ́búárì

Màá kọ ọ́ ní wàràwàrà.

Kì í ṣe irú èyí tí bàbá mi ń ṣe. Wọ́n ti fèrèsé. Tùràrí àti oríṣi ewé kan ń jó nínú ìkòkò, ẹfín débi pé n kò rí ẹsẹ̀ ara mi. Àwọn obìnrin ilé mẹ́rin dì mí mú. Ṣéù Pàṣán (bí mo ṣe ń pè é nìyẹn láti òní lọ) wọ ìbọ̀wọ́ kó má bàa fọwọ́ kan mi. Ó kà. Mo mọ ohun tó ń kà, mo ń kà á tẹ̀lé e nínú. Ó ṣi ibì kan kà, ètè mi tún un ṣe láìmọ̀. Ó ní, ẹ wò ó, ó ti ń bá mi jà.

Lẹ́yìn náà ló kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ó ń bi mí, "Ta ni ẹ́?"

Mo ní Fawziyyah ni mí, ọmọ Alfa Súlù. Pàṣán. Ta ni ẹ́? Mo tún dárúkọ mi. Pàṣán. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé orúkọ mi gan-an ni wọ́n ń nà. Ìgbàkígbà tí mo bá ní èmi ni èmi, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sókè. N kò rí èémí mú. Ẹfín ti wọ̀ mí láyà.

Mo fún un ní ohun tó ń fẹ́. Mo fi ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀fun kígbe, jIHtaHbe', n kò jẹ́ ẹ mọ́. Tàkúbírà gba gbogbo ilé. Ó ní ṣé o ń lọ? Mo fi ohùn kan náà dá a lóhùn ní Yorùbá pé mo ń lọ. Ó ní ṣé o ti lọ? Mo ní mo ti lọ. Lẹ́yìn náà mo jọ̀wọ́ ara sílẹ̀ bí ẹni dákú.

Wọ́n sunkún. Wọ́n gbá mi mọ́ra. Wọ́n ṣí fèrèsé. Ìyá mi gbé orí mi lé itan, òun nìkan ni kò sunkún.

Sátidé, 15 Fẹ́búárì

Ikọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi wú. Alhájà Náhàwù fi dàǹdógó funfun ti wòlímọ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú àdúrà. Ife mi ti padà sáàárín ife yòókù. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo kórìíra wọn lónìí, mo sì jẹ oúnjẹ wọn.

Mo pa Èdè Òkè rẹ́ lórí fóònù. Mo sọ fún Aishah pé eré yẹn ti tán. Ó ní kí ló dé. Mo ní ó kàn tán ni.

Àtìní, 17 Fẹ́búárì

Kò tán.

Aishah ń bá àwọn ọmọ ilé ṣeré lábẹ́ igi dógóyárò. Ó ń kọ́ wọn. Ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ bí mo ṣe máa ń to kíláàsì mi, ó ní kí wọ́n wí tẹ̀lé òun. Wọ́n sì ń wí. Àǹtí Rédíò ń ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú kẹ́tù lọ́wọ́. Mo gbọ́ tí kẹ́tù bọ́.

Nígbà tí mo máa dé ìta, àwọn ìyá ti kó ọmọ wọn wọlé, Aishah nìkan ló kù lábẹ́ igi, ó ń wo ọ̀tún wo òsì. Àǹtí Rédíò ń pe Ṣéù Pàṣán lórí fóònù. Ó ní kí gbogbo wa gbọ́, ó fi í sí sípíkà. Ọkùnrin náà ní òun mọ̀. Ó ní àlùjọ̀nú tó bá tètè jáde báyẹn, ìtòsí ló ń wá ibùgbé sí. Ó ní òun á lé e kúrò lára Aishah ní Jímọ̀ lẹ́yìn wòlímọ̀, nígbà tí èrò bá ti túká, kí ilé lè mọ́ kí yìgì tó so. Kí wọ́n má fún ọmọ náà lóúnjẹ láti àárọ̀.

Ó ní, "Ti ọmọdé kì í le. Ẹfín rẹ̀ la máa mú pọ̀ díẹ̀."

Tàlátà, 18 Fẹ́búárì

Mo sọ òtítọ́. Mo kó wọn jọ sí yàrá àlejò, mo kúnlẹ̀. Mo ní kò sí àlùjọ̀nú kankan, n kò ní i rí, ìnira ló jẹ́ kí n purọ́. Mo ní ọ̀dọ̀ mi ni Aishah ti gbọ́ ọ, bí ọmọ ṣe ń gbọ́ orin.

Àǹtí Rédíò fọwọ́ kàn mí léjìká, jẹ́jẹ́. Ó ní, ṣebí gbogbo wa la wà níbẹ̀. Ó ní a gbọ́ ọ tó sọ̀rọ̀, a gbọ́ ọ tó lọ. Ó ní ìwọ kò lè mọ̀, torí o ti dákú. Wọ́n ṣàmín sí i. Ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn.

Mo lọ bá ìyá mi ní ilé ìdáná. Mo fẹ́ tún un sọ. Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ọkọ mi ka Àlùkùránì sí mi létí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yìí. Ṣé o rò pé n ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Ọjọ́ tí Hájíà ń yìn ẹ́ ni mo ti mọ̀."

"Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n nà mí."

Ó ro ọbẹ̀. Ó ní ọgbọ̀n ọdún ni mo pé ní Ṣàbáánì yìí. Ó ní ọkọ dé, ọmọ ilé re, òun sì rò ó pé ẹgba lẹ́sẹ̀ kì í pa èèyàn.

Mo ní, "Ẹfín á pa Aishah, Ìyá."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ṣíbí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n má fi ọwọ́ ara mi tú ilé mi kí n tó dé ibẹ̀. Ó bu iná kúrò nídìí ìkòkò.

Mo nífẹ̀ẹ́ ìyá mi. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè rí i kà lẹ́yìn ọ̀la.

Àlàrùba, 19 Fẹ́búárì

Mo pe Naimat. Bí mo ṣe dárúkọ rukiya, ó ní, tó bá wá jẹ́ pé ó wà lára rẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́? Nọ́ọ̀sì o. Mo ní ẹfín, Naimat, ìkòkò ẹfín, yàrá títì. Ìgbà yẹn ló ké. Ó ní ọmọ òun kò gbọdọ̀ rí ẹfín láé, oṣù kẹwàá tó kọjá ni wọ́n fi afẹ́fẹ́ inú àgbá gbà á là. Wọn kò fún un láyè níbi iṣẹ́ àfi Sátidé. Ó ní, bá mi dì í mú di Sátidé.

Ó pe Àǹtí Rédíò. Àǹtí Rédíò ní kó fọkàn balẹ̀.

Aishah ń hun lálẹ́ yìí, àyà rẹ̀ ń dún fín-ín-fín-ín. Ó bi mí bóyá òun ṣẹ̀ wọ́n ni.

Àlàmísì, 20 Fẹ́búárì

Mo fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ Ọpẹ́yẹmí ní Basin. A kò kọjá géètì. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, yàrá Àǹtí Rédíò ló ń sùn títí di ọ̀la. Mo fi ínhélà ránṣẹ́ sí i. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní kò nílò rẹ̀ mọ́ tó bá di ọ̀la.

Mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Òtítọ́ kò ràn wá lọ́wọ́.

Jímọ̀, 21 Fẹ́búárì

Wọ́n gbé mi jókòó sábẹ́ agbòòrùn. Dàǹdógó funfun. Èrò kún, ẹbí ọkọ lápá ọ̀tún, Alhájà Náhàwù níwájú, Enjiníà lẹ́yìn rẹ̀ nínú jálábíà tuntun. Ṣéù Pàṣán jókòó láàárín àwọn alfa gidi, ìkòkò rẹ̀ wà nínú àpò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Aishah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí Rédíò. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́. Ebi ń pa á, mo rí i lójú rẹ̀.

Mo gba gbohùngbohùn, mo ka súrà mi. Mo kà á dáadáa. Mo kà á bí bàbá mi ṣe fi kọ́ mi, n kò ṣi ibì kan. Alhájà Náhàwù ń mi orí, ó pa ojú dé. Wọ́n ń da owó lé mi lórí. Bí mo bá dá ẹnu dúró níbẹ̀, lọ́la mo ti di ìyàwó.

N kò dá gbohùngbohùn padà. Mo mí, mo fi Èdè Òkè sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo wọn. Kí ni mo sọ? Gbólóhùn ìdánrawò ni, gbogbo èyí tí mo ti kọ́. Olùkọ́ ni mí. N kì í ṣe jagunjagun. Ilé mi ni mo wà. Mo fi àfòmọ́ kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀fun ni mo fi sọ ọ́, gbohùngbohùn sì gbé e dé òpópó.

Lẹ́yìn náà mo yí i sí Yorùbá, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n ti mọ̀: "N ò lọ sára ọmọ kankan. Ọmọ yẹn ò ní nǹkan kan lára. Ibi tí mo wà tẹ́lẹ̀ ni mo wà."

Àwọn obìnrin sá. Agbòòrùn wó lé mi. Ṣéù Pàṣán dìde, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní òun ti wí bẹ́ẹ̀, ó ti padà sílé rẹ̀. Ó gbójú kúrò lára Aishah pátápátá. Ìyẹn ni mò ń wò. Ìyẹn nìkan ni mò ń wò.

Alhájà Náhàwù fa ọmọ rẹ̀ ní apá aṣọ. Enjiníà wò mí. Òun nìkan nínú gbogbo èrò ló mọ ohun tí mo ṣe àti ìdí tí mo fi ṣe é, mo rí i pé ó yé e, mo rí ẹnu rẹ̀ tó là. Ó tún un pa dé. Ó bá ìyá rẹ̀ lọ.

Sátidé, 22 Fẹ́búárì

Kò sí yìgì. Ìkòkò ọbẹ̀ ń bẹ lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń pín in fún aládùúgbò.

Naimat dé ní ọ̀sán. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, torí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mi láti ìta. Àǹtí Rédíò kò jẹ́ kó jókòó kó tó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Naimat wo apá ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan. Kò dúpẹ́. Ó di ẹrù ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí iná ń lé, ó ní ọmọ òun kò tún ní í sùn nílé yìí mọ́.

Ọpẹ́yẹmí wá sí géètì. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n ní mo rìnrìn àjò. Fóònù mi wà lọ́wọ́ wọn, òun náà ò sì mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn ògiri. Mo pè é. Ikọ́ ló jáde.

Ṣéù Pàṣán ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn. Ó ní àlùjọ̀nú tó bá padà, wákàtí kan kò tó láti lé e. Ìyá mi ló gbé oúnjẹ wọlé fún mi, ó fi ọwọ́ nu ojú mi bí ìgbà tí mo wà ní kékeré, ó jáde, mo gbọ́ tí òun fúnra rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Kí n kọ ọ́ bó ṣe jẹ́: ẹ̀rù ń bà mí gidi.

Kí wọ́n tó wọ mọ́tò, Aishah kọjá níwájú fèrèsé mi. Mo na ọwọ́ jáde láàárín irin. Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi ni, pé èmi náà ni, pé eré ni. Ó rí ọwọ́ náà, ó figbe ta, ó sá bọ́ sábẹ́ ìró ìyá rẹ̀.

Mo fa ọwọ́ mi wọlé. N kò pè é padà. Bí ó bá mọ̀ pé eré ni, á tún fi ṣeré níbòmíràn, ẹlòmíràn á sì gbọ́. Kó máa bẹ̀rù mi lọ.

Mọ́tò ti gbéra. Aishah kò wúkọ́ nígbà tó ń sáré.